Nereida Pentón àti Abẹ́rẹ́ Ọdún Mẹ́ta

Ní ìlú wa Cabaiguán, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé sìgá wa tí kò mọ Nereida Pentón. Òun ni akàwé wa fún ọdún mọ́kànlá. Ó máa ń jókòó sórí pẹpẹ gíga tó wà láàárín gbọ̀ngàn, yóò ka ìwé ìròyìn fún wa láàárọ̀, yóò sì ka ìtàn àròsọ fún wa lọ́sàn-án, kí iṣẹ́ má baà sú wa bí a ti ń ká ewé tábà. Àwa tí a ń gbọ́ ọ lé ní igba. Bí kíkà bá dùn mọ́ wa, a ó fi ẹ̀yìn abẹ tí a fi ń gé ewé lu pátákó iwájú wa, gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì dún bí òjò lórí páànù. Bí kò bá dùn mọ́ wa, a ó ju abẹ náà sílẹ̀. Akàwé tí a bá ju abẹ sílẹ̀ fún kì í gbàgbé ọjọ́ náà títí ayé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ lónìí pé sùúrù ni Nereida fi gba pẹpẹ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Leovigildo Rangel, òṣìṣẹ́ tó ń ká ewé bíi tiwa. Mo bi òun fúnra rẹ̀ léèrè, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, “Sùúrù kẹ̀? Ìkà ni mo fi ṣe é.” Nítorí náà, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí.

Láti kékeré ni ikọ́ séèémí ti ń bá a jà, ikọ́ tí í fún ènìyàn láyà pa títí èémí yóò fi máa dún nínú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn tó dípẹtà. Ìyá rẹ̀ fi ìjàpá odò sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, nítorí pé àwọn àgbà wa gbà gbọ́ pé ìjàpá a máa fa ikọ́ náà sára. Ìjàpá kú, ikọ́ kò kú. Nígbà tó dàgbà, oògùn tí a ń fín sẹ́nu kò kúrò nínú àpò rẹ̀. Bí ikọ́ náà bá fẹ́ sé èémí rẹ̀ lórí pẹpẹ, yóò ṣe bí ẹni tó ń wá ojú ìwé, yóò fín in lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì máa bá kíkà lọ. Àwa náà a ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, ó ń ka orí tó kẹ́yìn nínú ìtàn kan tí a ti ń gbọ́ bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Opó kan nínú ìtàn náà fẹ́ dárúkọ ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa ti dá ọwọ́ dúró lórí ewé. Nereida la ẹnu kí ó lè pe orúkọ náà, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó jáde, ó sì ń súfèé. Ó fín oògùn rẹ̀. Ó tún gbìyànjú. Kò lè pe orúkọ náà.

Nígbà náà ni abẹ kan bọ́ sílẹ̀, “kàn-án!” Abẹ Leovigildo ni.

Ó kígbe pé, “Ẹ bá wa fi epo sí ìlẹ̀kùn yìí o! Ó ń han wá létí!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Abẹ mìíràn bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ bíi mẹ́wàá. Leovigildo dìde ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó gun pẹpẹ, ó mú ìwé náà kúrò lórí itan obìnrin tó ń wá èémí, ó sì fi ohùn ńlá rẹ̀ pe orúkọ apànìyàn náà. Gbọ̀ngàn fi abẹ lu pátákó fún un. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi náà lù ú, nítorí pé mo fẹ́ mọ orúkọ náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Leovigildo fi kọ ìwé sí ọ́fíìsì, ó ní àánú ìlera “ẹlẹgbẹ́ wa Nereida” ń ṣe òun, ó sì ní eruku gbọ̀ngàn kò dára fún un. A dìbò, ó sì di akàwé fún ọdún mẹ́ta, nítorí pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń yan akàwé ní ilé iṣẹ́ wa. Wọ́n gbé Nereida lọ sí yàrá tí a ti ń lẹ àmì mọ́ àpótí sìgá.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń gbé kíkà wá láti gbọ̀ngàn wà nínú yàrá náà pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ibi tí ó lè sá sí. Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ ohun tí Leovigildo ń ṣe. Nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá ń kú nínú ìtàn, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ ajínigbé, Leovigildo yóò mú kí ẹni náà máa mí bíi Nereida. Fíìì, fíìì, fíìì, gbogbo gbọ̀ngàn yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú yàrá àmì, àwọn obìnrin yóò tẹ ojú mọ́ gọ́ọ̀mù ọwọ́ wọn, kí wọ́n má baà wo ojú rẹ̀. Nereida lọ fi ẹjọ́ sun ní ọ́fíìsì. Wọ́n dá a lóhùn pé akàwé ló ni ohùn rẹ̀, ó sì lè fi ṣe ohun tó wù ú.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun méjì péré ni Nereida ń fẹ́ láyé: kí ó padà sórí pẹpẹ, kí Leovigildo sì wà ní ìsàlẹ̀ tí yóò máa gbọ́ ọ.

Ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, oníṣègùn kan máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti wo àwọn tí ara wọn kọ nǹkan. Orúkọ rẹ̀ ni Zoraida Fleites, obìnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ó bi Nereida pé, “Kí lo fẹ́ gan-an?”

“Dókítà, mo fẹ́ kàwé sókè fún wákàtí méjì láì wúkọ́.”

“Ta lo fẹ́ kà á fún?”

“Ọ̀tá mi.”

Oníṣègùn náà wò ó lókè gíláàsì ojú rẹ̀. Kí ó lè mọ ohun tí ara Nereida ń kọ̀, ó to ẹ̀kán omi oríṣiríṣi sí apá rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún awọ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn díẹ̀: ti tábà, ti ológbò, ti aáyán, ti koríko, ti kòkòrò eruku. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú tábà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú kòkòrò eruku wú, ó sì fẹ̀ tó owó pésò kan.

Nereida ní, “Tábà ńkọ́? Gbogbo ayé ló sọ fún mi pé tábà ni.”

“Tábà ò mọ̀ ọ́ rí. Kòkòrò tí ojú ò lè rí yìí ló ń bá ọ jà. Inú tìmùtìmù ló ń gbé, inú ìrọ̀rí, inú ìwé tó ti gbó.”

“Inú ìwé?”

“Inú ìwé.”

“Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ọ̀tá mi lé itan, tí mò ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan!”

Oníṣègùn náà ṣàlàyé ìtọ́jú náà fún un. Wọn yóò mú oògùn tí a fi kòkòrò náà gan-an ṣe, wọn yóò sì gún un sábẹ́ awọ apá rẹ̀, ìwọ̀n tó kéré púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa fi kún un, títí ara rẹ̀ yóò fi mọ ohun tó ń kọ̀, tí kò ní bá a jà mọ́. Lẹ́yìn èyí, yóò di oṣooṣù. Kò gbọdọ̀ pa oògùn tó ń fín tì. Ìtọ́jú náà kì í sì í ṣiṣẹ́ bákan náà fún gbogbo ènìyàn.

“Títí di ìgbà wo, Dókítà?”

“Ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.”

Nereida fi ìka ka oṣù. Ìdìbò akàwé tó ń bọ̀ ku ọdún mẹ́ta dín oṣù kan. Ó na apá rẹ̀ síwájú.

“Ẹ gún mi.”

“Lónìí kọ́, ìyá. Àyà rẹ ń súfèé. A kì í gún ẹni tí àyà rẹ̀ ń súfèé. Lọ fi oògùn mú un balẹ̀ ná.”

Báyìí ni ó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gún un ni Mayelín, obìnrin àárín ọjọ́ orí tó ń pe gbogbo aláìsàn ní ọkàn òun. Kí ó tó gún un, Nereida gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò fi hàn bí àyà rẹ̀ ṣe là tó. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko.

“Jókòó síbẹ̀, ọkàn mi. Tí o bá dìde kí aago tó lù, màá so ọ́ mọ́ àga.”

“Mayelín, mo níṣẹ́.”

“Èmi náà níṣẹ́. Ìwọ niṣẹ́ mi.”

Nereida kò fi ìjókòó náà ṣòfò. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì ń kọ gbogbo àléébù Leovigildo tó ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú rẹ̀: bí ó ṣe ń lá ìka kí ó tó ṣí ojú ìwé, bí ó ṣe ń sọ pé “ẹ̀n-hẹ́n” bí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀, bí ó ṣe ń mu omi, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dún gbùlúgbùlú, bí ó ṣe ń fa òpin gbólóhùn gùn bí ẹni tó ń sin òkú. Ó ń fi ètè ṣe wọ́n ní jẹ́jẹ́ lórí àga ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn yòókù rò pé àdúrà ni ó ń gbà.

Ní oṣù kẹjọ ìtọ́jú náà ni ó ṣe àṣìṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìjì ti mú kí ó pàdánù abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ti dín ìwọ̀n oògùn rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta pé, àyà rẹ̀ tún ń súfèé. Ó mọ̀ pé bí Mayelín bá gbọ́ ọ, kò ní gún un. Gbogbo ará ìlú wa sì mọ̀ pé kọfí tó ki dáadáa a máa la àyà fún wákàtí kan tàbí méjì. Kò sí ìyá kan nínú wa tí kò fún ọmọ oníkọ́ ní kọfí rí. Nereida mu ife mẹ́rin, ó fín oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì lọ. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà gòkè.

Mayelín ní, “Wò ó bó ṣe ń fẹ́ bí ẹṣin! Ṣé àlàáfíà lo wà lọ́sẹ̀ yìí?”

“Àlàáfíà ni.”

Mayelín gún un. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà àyà rẹ̀ tì pátápátá, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ohun tó rántí ni pé Mayelín gún un ní itan láti orí aṣọ, tó ń ké pé, “Dókítà! Dókítà, ẹ sáré wá o!” Abẹ́rẹ́ itan náà ni ó dá a padà. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, Dókítà Zoraida dúró tì í.

“Kí lo mu kí o tó wá?”

“Kọfí.”

“Ife mélòó?”

“Mẹ́rin.”

“Àyà ẹ ń súfèé lánàá, àbí kò súfèé?”

“Ó súfèé.”

“Ṣé o fẹ́ kú ni, Nereida?”

“Rárá, Dókítà. Mo fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohùn mi ni.”

Oníṣègùn náà fa àga, ó jókòó. Ó ní, “Mo ti gbọ́ nípa ẹ àti Leovigildo yẹn. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ó dáa, gbọ́ tèmi náà. Bí o bá kú síbí, ta ló máa ka ìròyìn ikú rẹ lórí pẹpẹ yẹn?”

Nereida yí ojú sí ògiri.

“Òun ni. Á sì súfèé sí i.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n dá ìwọ̀n oògùn rẹ̀ padà sẹ́yìn gidigidi, ó sì pàdánù èrè oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò tún purọ́ fún wọn mọ́. Bí àyà rẹ̀ bá ń súfèé, yóò sọ ọ́, yóò padà sílé, yóò sì pa eyín keke. Ó fi ọ̀rá bo tìmùtìmù rẹ̀. Ó ń se aṣọ ibùsùn nínú omi gbígbóná lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹni tó ń se ọ̀tá. Lọ́dún kejì, ó ṣàkíyèsí pé òun ti gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ láì dúró. Lẹ́yìn náà, ó lo oṣù kan láì fín oògùn pàjáwìrì rẹ̀ rárá. Ó ń gbé ìwé tó gbó jù lọ nílé jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń kà á sókè fún àwọn adìyẹ.

Leovigildo pàdé rẹ̀ lórí ìlà tí a ti ń ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, ojú gbogbo ènìyàn sì wà níbẹ̀.

“Nere, wọ́n ní kòkòrò ni wọ́n ń gún sí ọ lára. Ṣé o ti ń rákò báyìí?”

“Mò ń rákò bọ̀, Leo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.”

“Áà, o ti wá di ẹlẹ́dẹ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ sì lọgbà.”

Ìlà búrẹ́dì rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a kò bá Leovigildo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, àwọn méjì náà nìkan ni ó fẹ́ pẹpẹ. Gbọ̀ngàn yan orí ìwé kan náà fún àwọn méjèèjì: bàbá arúgbó olówó kan ń kú lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọ̀kánjúà sì wá sí ìdí ibùsùn rẹ̀ láti jí ìwé ogún. Leovigildo kọ́kọ́ kà. Ó mú kí arúgbó náà súfèé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn wà lára Nereida tó jókòó ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ, tí kò mi apá.

Nígbà tó kan òun, ó gòkè. Ó ka arúgbó náà láì súfèé, láì wúkọ́. Ohùn bàbá náà ń lọ sílẹ̀ bí iná fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀, títí a fi gbàgbé ewé tábà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀kánjúà wọlé. Nereida lá ìka rẹ̀. Ó mu omi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì dún gbùlúgbùlú. Ó ní, “Ẹ̀n-hẹ́n!” Leovigildo fúnra rẹ̀ ni ó jáde láti ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú òpin gbólóhùn tó ń gùn bí ìsìnkú. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan pariwo pé, “Yéè, òun gan-an nìyẹn!” gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Nereida kò dúró. Ó ka gbólóhùn tó gùn jù lọ nínú orí náà ní èémí kan ṣoṣo, tó gbé e láti orí dé ìdí, ó sì tẹjú mọ́ Leovigildo bí ó ti ń kà á. Abẹ igba lu pátákó. Ibo mọ́kànléláàádọ́sàn-án ni a dì fún un. Leovigildo ní méjìdínlógójì.

Mo rò pé ẹlòmíràn ì bá dárí jì í níbẹ̀. Nereida kò dárí jì í. Leovigildo padà sí ìdí ewé tábà, ní ìlà kẹta tó dojú kọ pẹpẹ, Nereida sì bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, òmùgọ̀ yòówù tó bá wà nínú ìtàn, olè, ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń tàn jẹ, ohùn Leovigildo ni ó ń fún un. Leovigildo lọ fi ẹjọ́ sun. Wọ́n ní akàwé ló ni ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Leovigildo wá bá a ní ìdí pẹpẹ.

“Nere, ó tó gẹ́ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ń fi ṣe ọmọ mi yẹ̀yẹ́ nílé ìwé.”

“Ó dùn mí.”

“Ìgbà wo lo máa ṣíwọ́?”

“Ìwọ jókòó ná. Abẹ́rẹ́ ọdún mẹ́ta lèmi gbà.”

Ó wí báyìí tán, ó kà fún un ní ọ̀sán ọjọ́ náà láìdín ohùn kù. Ó sọ fún mi pé inú òun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹrin, ohun kan yí padà. Ojú Leovigildo kò pọ́n mọ́ bí ohùn rẹ̀ bá jáde. Lẹ́yìn náà, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, òun ni ó ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí àwa yòókù tó bẹ̀rẹ̀. Yóò dìde, yóò tẹrí ba fún gbọ̀ngàn, yóò sì wí pé, “Èmi lẹ ń gbọ́ yẹn o! Kò sírú mi!” Àwọn ènìyàn ń ra kọfí fún un. Ó tilẹ̀ ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń sọ pé “ẹ̀n-hẹ́n”.

Nereida gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìdí abẹ́rẹ́ oṣooṣù rẹ̀.

Ó ní, “Mayelín, kò dùn ún mọ́.”

Mayelín ń fi òwú nu apá rẹ̀. “Ọkàn mi, díẹ̀díẹ̀ lo fún un, lójoojúmọ́, bí abẹ́rẹ́. Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?”

Nereida jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà. Nígbà tí aago lù, ó ṣì wà lórí àga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, alágbàtà òmùgọ̀ kan wọ inú ìtàn tí a ń gbọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ń dúró. Leovigildo ti gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe kí ó lè dìde. Nereida ka alágbàtà náà pẹ̀lú ohùn tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó kà á dáadáa, a sì fi abẹ lu pátákó. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, àti oṣù tó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tó ra kọfí fún Leovigildo mọ́. Ó ń wo pẹpẹ bí ẹni tí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra, ó dúró ní ìdí pẹpẹ kí kíkà ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀.

“Nere, ṣé mo tún ṣẹ̀ ọ́ ni? Ohùn mi ńkọ́?”

Nereida wò ó láti òkè, pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò.

“Ẹ má bínú, ẹlẹgbẹ́. Níbo lẹ jókòó sí?”

“Nere! Èmi ni! Ìlà kẹta!”

“Mi ò kíyè sí i,” ni ó wí. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó mí sínú láìsí ìdíwọ́ kankan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.